Ibi tí irin eyín yóò jókòó sí

Ọ̀rọ̀ eyín ni a mú wá lónìí.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó kà síwájú, ẹ fi ahọ́n yín tọ́ eyín yín wò láti ìkángun kan dé ìkángun kejì. Ẹlòmíràn yóò rí i pé eyín òun tò bí ẹyọ àgbàdo ṣe ń tò sára ṣúkù. Ẹlòmíràn yóò rí i pé ọ̀kan gun èkejì, tàbí pé ọ̀kan yọ síta, tàbí pé eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í pàdé ara wọn dáadáa bí òun bá ń jẹ ẹran.

Èjí kò sí nínú ohun tí mo ń sọ o. Lọ́dọ̀ wa, ẹwà ni èjí. Àwọn kan tí wọn kò bí èjí mọ́ tilẹ̀ máa ń wá ẹni tí yóò fi ayùn rẹ́ eyín wọn kí àyè lè wà láàárín. Dókítà kì í fẹ́ èyí, nítorí pé ara eyín tí ayùn bá ti jẹ kì í hù padà mọ́.

Wáyà eyín ni ọ̀rọ̀ wa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i lẹ́nu ọmọ ilé ìwé kan tó ti Kútọnu, Àjàṣẹ́ tàbí Èkó wá sílé fún ọlidé. Irin kéékèèké lẹ̀ mọ́ iwájú eyín kọ̀ọ̀kan, wáyà tínínrín kan sì gba inú gbogbo wọn kọjá. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní bague, bí ẹni ń pe òrùka. Nínú kíláàsì wa, àwọn kan rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni, bíi yẹtí. Bàbá kan tilẹ̀ bi mí pé ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi de ẹnu ọmọ kó má baà sọ̀rọ̀ jù! Rárá o. Ohun èlò iṣẹ́ ni. Irin kékeré náà kò tóbi tó ẹyọ àgbàdo kan, ó sì ní ojú tóóró kan níwájú tí wáyà ń gbà kọjá. A ó máa pè é ní irin eyín.

Báwo ni dókítà ṣe mọ ibi tí irin eyín yóò jókòó sí gan-an? Ìbéèrè yìí dà bí èyí tó kéré, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ gùn, ó sì gba apá lọ́wọ́ ọkùnrin kan.

Bí eyín ṣe ń rìn

Ẹ má ṣe rò pé eyín dà bí òpó tí a fi símẹ́ńtì rì mọ́lẹ̀. Eyín ní gbòǹgbò, gbòǹgbò náà sì wà nínú egungun párì. Láàárín gbòǹgbò àti egungun, àwọn okùn kéékèèké bí òwú wà tó so wọ́n pọ̀.

Bí ẹ bá so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn nínú ilẹ̀ rírọ̀, tí ewúrẹ́ náà sì ń fà á síhà kan lójoojúmọ́, èèkàn náà á máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni eyín rí bí a bá ń tì í jẹ́jẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀. Ihò tí èèkàn fi sílẹ̀ lẹ́yìn kì í dí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ti eyín ń dí. Níwájú ibi tí eyín ń lọ, egungun ń yọ́; lẹ́yìn rẹ̀, egungun tuntun ń hù. Ọkùnrin ará Súẹ́dìn kan, Carl Sandstedt, ló fi eyín ajá wádìí èyí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 1904. Ó tún rí i pé bí agbára tí a fi tì í bá pọ̀ jù, nǹkan a máa bàjẹ́ níbẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé gbòǹgbò eyín tí a bá fi agbára fà lè jẹ kó sì kúrú.

Ìka ọwọ́ àti òwú

Kí àwọn èèyàn tó mọ ìdí rẹ̀, wọ́n ti ń ṣe é. Ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn, ará Róòmù kan tó ń jẹ́ Celsus kọ ọ́ pé bí eyín àgbà bá ń hù nígbà tí eyín ọmọdé kò tíì kúrò, kí a yọ ti ọmọdé, kí a sì máa fi ìka ti eyín tuntun náà sí àyè rẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi dé ibẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo bí ìmọ̀ràn yẹn ti rọrùn tó! Kò sí irin, kò sí owó.

Ní 1728, dókítà ilẹ̀ Faransé kan, Pierre Fauchard, tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa ìtọ́jú eyín. Nínú rẹ̀ ó ṣàlàyé pẹlẹbẹ irin kan tó tẹ̀ bí ọrun, tó ní ihò wẹ́wẹ́. Ó ń gbé e sí iwájú eyín, ó sì ń fi òwú so eyín kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Irin náà ń fa eyín síta, ṣùgbọ́n kò lè yí eyín tó dojú kọ ẹ̀gbẹ́ padà dáadáa, kò sì lè darí gbòǹgbò.

Ẹni tó yanjú ìyẹn ni Edward Angle, ará Amẹ́ríkà. Ní 1928 ó fi irin eyín kan han gbogbo ayé tí ojú rẹ̀ ní igun mẹ́rin, wáyà rẹ̀ náà sì ní igun. Ẹ fi ọkọ́ wò ó. Bí ẹnu irin ọkọ́ bá rí roboto nínú èèkù, á máa yí. Bí ó bá ní igun, kò ní yí, ibi tí ẹ bá kọ ojú rẹ̀ sí ló máa dúró sí. Wáyà onígun mú irin eyín bẹ́ẹ̀, ó sì lè gbé eyín dìde, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, yí i, kó sì darí gbòǹgbò rẹ̀ pẹ̀lú. Títí di òní, orí ọgbọ́n Angle yìí ni iṣẹ́ náà dúró lé.

Ṣùgbọ́n ní ayé Angle, òrùka irin kan ni wọ́n ń fi yí eyín kọ̀ọ̀kan ká, ara òrùka náà ni irin eyín wà. Ojú dókítà ni òṣùwọ̀n. Bí irin bá sì jókòó síbi tí kò dára tó, dókítà á fi ẹ̀mú tẹ wáyà níwájú eyín yẹn láti ṣe àtúnṣe. Eyín kan, títẹ̀ kan. Ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ń gbà á.

Àwòrán egungun

Kí ni ojú dókítà kò lè rí? Gbòǹgbò ni. Ó wà lábẹ́ erìgì, bí iṣu ṣe wà nínú ebè. Ẹni tó bá fẹ́ wa iṣu lè gbẹ́ ebè wò; dókítà kò lè gbẹ́ párì ọmọ wò.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, Wilhelm Röntgen, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Jámánì, rí ìtànṣán kan tó ń la ẹran ara kọjá, ṣùgbọ́n tí egungun ń dá dúró díẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ó ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀: egungun ìka hàn kedere, òrùka rẹ̀ sì hàn lára egungun náà. Röntgen kò gba ẹ̀tọ́ ìní lórí ohun tó rí, ó fi í sílẹ̀ kí gbogbo ayé lò ó. Ní 1901, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ físíìsì.

Ní ọ̀dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn tó ń sọ Faransé ń pe àwòrán yìí ní radio. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún yín pé kí ẹ lọ ya radio, kì í ṣe rédíò tí ẹ fi ń gbọ́ wa ló ń sọ o.

Kò pẹ́ tí ìròyìn Röntgen jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 1896, Otto Walkhoff, dókítà eyín ní ilẹ̀ Jámánì, ya àwòrán eyín ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ló fi dùbúlẹ̀ láìmira nínú ìtànṣán náà. Lónìí, ìṣẹ́jú àáyá kan kì í pé tí àwòrán eyín kékeré fi ń parí.

Ní ọdún kan náà, ní ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Edmund Kells gbé ẹ̀rọ yìí wá sínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó mọ̀ pé ìtànṣán náà léwu. Kì í ta, kì í gbóná, kò lóòórùn. Kells ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí iwájú ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tó yá, egbò tí kì í jiná yọ sí ìka rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé ìka rẹ̀, wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gé apá rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un kò níye. Ní 1928, nígbà tí ìrora náà pọ̀ jù, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Angle fi irin eyín rẹ̀ han ayé.

Mo rò ó dáadáa kí n tó kọ èyí síbí, nítorí mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Ìtànṣán tí wọ́n ń lò fún àwòrán eyín lónìí kéré púpọ̀púpọ̀ sí ti Kells, ẹni tó ń ya àwòrán náà sì máa ń kúrò níwájú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ìmọ̀ yìí ná àwọn tó kọ́kọ́ wá a.

Ní 1931, Broadbent ní Amẹ́ríkà àti Hofrath ní Jámánì, ẹnìkan kò mọ̀ nípa ẹnìkejì, ṣe férémù kan tó ń di orí aláìsàn mú sójú kan. Nítorí èyí, a lè fi àwòrán orí ọmọ kan ti ọdún yìí wé ti èṣí, kí a rí ibi tí egungun ti dàgbà dé àti ibi tí eyín ti rìn dé.

Wáyà tí a kò tẹ̀ mọ́

Òrùka irin tó yí eyín ká kò rọrùn. Ó ń fi àyè sílẹ̀ láàárín eyín àti eyín, oúnjẹ sì ń há sábẹ́ rẹ̀. Àwọn dókítà ń wá gọ́ọ̀mù tí yóò lẹ irin mọ́ eyín tààrà, ṣùgbọ́n eyín ń dán, ó sì ń tutù, gọ́ọ̀mù kì í mú un.

Ní 1955, Michael Buonocore ní Amẹ́ríkà kíyè sí ohun tí àwọn tó ń kun irin ń ṣe: wọ́n ń fi omi ásíìdì pa ara irin kí ọ̀dà lè mú un. Ó dán an wò lára eyín. Omi ásíìdì náà jẹ ojú eyín díẹ̀, ó di gágáagà, gọ́ọ̀mù sì wọ inú rẹ̀. Àwọn bíríkìlà wa mọ èyí: bí ògiri bá ń dán jù, wọ́n á kọ́kọ́ ha á kí símẹ́ńtì tó di mọ́ ọn. Láti ọdún 1965 ni dókítà mìíràn, George Newman, ti ń kọ̀wé lórí bí a ṣe ń lẹ irin eyín mọ́ eyín tààrà.

Wàyí o, irin eyín lè jókòó síbikíbi tí a bá fẹ́ lójú eyín. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá le.

Lawrence Andrews, dókítà eyín ní Kalifọ́níà, kó ẹ̀dà eyín 120 ènìyàn jọ, àwọn tí eyín wọn tò dáadáa láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, tí wọn kò wọ wáyà rí. Ó wọn ẹ̀dà náà lọ́kọ̀ọ̀kan: bí eyín kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀yìn tì, bí ó ṣe dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ó ṣe nípọn. Ó tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1972. Láti inú òṣùwọ̀n wọ̀nyí, ó ṣe irin eyín tó yàtọ̀ fún eyín kọ̀ọ̀kan. Títẹ̀ tí dókítà ń tẹ wáyà tẹ́lẹ̀ ti wà nínú irin náà fúnra rẹ̀. Wáyà lè máa lọ tààrà.

Ẹ wo okùn tí bíríkìlà ń ta kó tó to búlọ́ọ̀kù. Okùn náà kì í yẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ló ń tẹ̀lé okùn. Bẹ́ẹ̀ ni eyín ṣe ń tẹ̀lé wáyà tó nà gbọọrọ. Nítorí náà, bí a bá lẹ irin súnmọ́ erìgì jù, wáyà yóò fa eyín náà jáde, yóò sì gùn ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Bí a bá lẹ̀ ẹ́ súnmọ́ ẹnu eyín jù, eyín náà yóò wọlé, yóò dà bí ẹni pé ó kúrú. Bí irin bá dà sí ẹ̀gbẹ́, eyín yóò dà sí ẹ̀gbẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì lọ kan gbòǹgbò aládùúgbò rẹ̀. Bí irin bá kúrò láàárín, eyín yóò yí.

Wáyà kò mọ̀ pé dókítà ṣìṣe. Ohun tí a bá lẹ̀ ni yóò tẹ̀lé. Ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń ṣe ìdánwò fún dókítà eyín a máa gé máàkì bí eyín bá fi ìdajì mìlímítà kúrò nílà. Ẹ wo rúlà ọmọ yín, kí ẹ wo àyè tó wà láàárín ìlà kéékèèké méjì, kí ẹ wá pín in sí méjì. Ohun tí a ń sọ nìyẹn. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n á tú irin náà, wọ́n á tún un lẹ̀, ọmọ á sì wọ wáyà pẹ́ jù, òbí á sì tún san owó ọkọ̀.

Àwòrán inú kọ̀ǹpútà

Ẹ fi ara yín sípò dókítà náà. Ẹnu kéré. Itọ́ ń sun. Ọmọ ń yí orí. Eyín ẹ̀yìn kò hàn bí kò ṣe nínú dígí kékeré. Gọ́ọ̀mù sì ń gbẹ. Wọ́n ṣe rúlà kékeré kan tó ń wọn bí irin ṣe jìnnà sí ẹnu eyín, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ kò sọ ibi tí gbòǹgbò wà.

Ní 1972 kan náà, Silverman, Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà mú ọgbọ́n mìíràn wá. Wọ́n fi ẹfun tí a pò bíi símẹ́ńtì ṣe ẹ̀dà eyín aláìsàn. Orí tábìlì, pẹ̀lú sùúrù, ni wọ́n ti to irin sára ẹ̀dà náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe àwo rírọ̀ kan tó bo gbogbo rẹ̀, àwo náà sì gbé gbogbo irin lọ sẹ́nu aláìsàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ti gba ipò ẹfun. Kámẹ́rà kékeré kan tó tó àtàǹpàkò ń lọ káàkiri inú ẹnu, ìmọ́lẹ̀ lásán ló ń lò, kì í ṣe ìtànṣán Röntgen, eyín náà á sì yọ lójú kọ̀ǹpútà, tí a lè yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ẹ̀rọ mìíràn dé ní Ítálì àti Jápáànù tó ń yí orí ènìyàn ká, tó sì ń ya egungun párì àti gbòǹgbò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí a bá pa àwòrán méjèèjì pọ̀, dókítà lè rí ohun tó wà lókè erìgì àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ papọ̀, kó sì gbé irin eyín sí àyè rẹ̀ nínú àwòrán kó tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ẹ̀rọ á wá ṣe àwo tó ní àyè irin kọ̀ọ̀kan. Àwọn olùwádìí tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí kámẹ́rà tí yóò máa wo ọwọ́ dókítà, tí yóò sì máa fi hàn án lójú kọ̀ǹpútà bí irin bá ti fi díẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí nínú àwòrán.

Àṣìṣe ha tán? Kò tán. Bí àwo náà kò bá jókòó dáadáa, gbogbo irin ni yóò kúrò lójú àyè. Ẹ̀rọ tó ń yí orí ká yìí sì ń lo ìtànṣán ju àwòrán kékeré lọ, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ọmọ ló yẹ kó gbà á.

Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Àwòrán ń sọ ibi tí eyín wà. Ta ló ń sọ ibi tó yẹ kó wà? Àwọn ará Amẹ́ríkà ni Andrews wọ̀n. Àwọn ọmọ ìlú Cleveland ni Broadbent yà. Àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà ti wọn egungun ojú àwọn ọmọ tiwọn, wọ́n sì rí i pé eyín iwájú àwọn èèyàn wa sábà máa ń yọ síwájú ju ti òyìnbó lọ, láìsí àìsàn kankan níbẹ̀. Dókítà tó bá fi òṣùwọ̀n òyìnbó mú eyín wa wọlé lè yí ojú ọmọ padà kúrò ní ojú ìdílé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára pé àwa náà ní ilé ẹ̀kọ́ dókítà eyín nítòsí. Ti Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1966, Ìbàdàn náà ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà eyín ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì kọ́ iṣẹ́ ní Dákà tàbí Abíjàn. Àwọn tó ń to eyín láàárín wọn kò pọ̀, ìlú ńlá ni wọ́n sì wà, owó iṣẹ́ wọn kò sì kéré.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ní kí ọmọ yín wọ wáyà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ẹ bi dókítà bóyá ó ti ya àwòrán gbòǹgbò, kí ẹ sì ní kó fi í hàn yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ wo orúkọ ọmọ àti ọjọ́ tó wà lára àwòrán náà. Bí ó bá jẹ́ ìyá fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yà, tó sì wà nínú oyún, kó tètè sọ. Ẹ béèrè iye oṣù: ọdún kan àbọ̀ sí méjì kì í ṣe ohun tuntun. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kúlíkúlí líle, egungun ẹran àti ìrèké kò gbọdọ̀ kan eyín iwájú, nítorí pé bí irin kan bá já, ó di ìrìn àjò mìíràn sí ìlú. Bí ọmọ náà bá sì ní èjí tí ẹ̀yin fẹ́ràn, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó lẹ irin kankan. Inú àwòrán ni wọ́n ti máa fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.